Ìsán Tí Kọ̀ǹpútà Mi Kà

Mo ń nu ẹnu púlọ́ọ̀gì kẹta nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò mi nígbà tí mo rántí pé Sátidé ni, àti pé aago mẹ́sàn-án ni kíláàsì kọ̀ǹpútà mi. Mo dá púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí ihò wọn, mo fọwọ́ tẹ wáyà kọ̀ọ̀kan kí ó lè dá mi lójú pé ó jókòó dáadáa, mo fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ ọwọ́ mi, mo sì wọ aṣọ tí mo ti lọ̀ sílẹ̀ láti àná. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo yí kọ́kọ́rọ́ tí mọ́tò fi dá mi lóhùn. Nígbà tí mo wọ ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Mọ́tò ìjàpá ni mọ́tò mi, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn níbi tí àwọn mọ́tò mìíràn ń kó ẹrù sí, tí kì í sì í mu omi rárá nítorí pé afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára. Bàbá mi, tí wọ́n ṣe akọ̀wé kóòtù títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ló ni ín. Nígbà tí wọ́n kú tí a pín ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, kò sí ẹnìkan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi tó béèrè rẹ̀. Adìẹ ti ń yé ẹyin sórí ìjókòó ẹ̀yìn nígbà náà. Mo ní kí wọ́n fún mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fún mi.

Bàbá arúgbó kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní ọ̀nà Sẹ́kọ́nà ló jí i dìde. Ọmọ agboolé àtijọ́ kan láàrin Ẹdẹ ni wọ́n, Bàbá Mẹ́káníìkì sì ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Mọ́tò ìjàpá àti ọkọ̀ akẹ́rù àwọn tó ń ná ọjà oko nìkan ni wọ́n ń tún ṣe. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi tú mọ́tò mi palẹ̀ tí wọ́n sì fi tò ó padà, wọn kò sì gbà kí n gbé e sílẹ̀ kí n máa lọ.

“Ẹ wá jókòó síbí, Ìyá Aránṣọ,” ni wọ́n wí. “Ẹni tí kò bá mọ inú mọ́tò yìí kò gbọdọ̀ wà á. Ojú ọ̀nà ló máa ti dójú tì yín.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ǹṣì pákó, lẹ́yìn tí mo bá ti pa ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi dé ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú mọ́tò náà ni pé kò sí ohun tó fi pamọ́. Epo gba ibí wá, iná gba ọ̀hún wá, ibi tí wọ́n ti pàdé nìyí. Bí ó bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, ìdí kan wà, ìdí náà sì ní ibi tó jókòó sí. Ẹni tó bá tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkánjú yóò bá a níbẹ̀. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ láàrin ènìyàn. Irú nǹkan báyìí, tí kò béèrè ju kí a wò ó dáadáa lọ, máa ń tẹ́ mi lọ́rùn.

Ohun kan náà ni mo wá rí nínú kọ̀ǹpútà. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà kí n tó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, n kò sì rò ó rí pé mo tún lè jókòó sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mi obìnrin ríṣẹ́ sí Ìbàdàn, ó ra kọ̀ǹpútà tuntun, ó fi ògbólógbòó rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, mo sì ń fi kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà mi sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri nítòsí ibi tí mo ti ń ra òwú. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nínú ìlú wa fẹ́ máa kọ́ àwọn àgbàlagbà bí a ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ohun tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní prógíráàmù. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni, ọdún méjì ni wọn yóò fi kọ́ ọ, ẹni tó bá sì ti ní ìwé mẹ́wàá lè wá. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, mo ra òwú mi, mo sì lọ fi orúkọ sílẹ̀.

Olùkọ́ wa jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin ará Ìjẹ̀bú tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ń bọ̀wọ̀ fún mi nítorí ọjọ́ orí mi, èmi náà ń bọ̀wọ̀ fún un nítorí pé olùkọ́ mi ni, “ẹ jọ̀ọ́ mà” níhìn-ín, “ẹ ṣé mà” lọ́hùn-ún, títí a fi lo ọdún méjì láìsí ẹni tó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú wa. Lọ́jọ́ kìíní, ìlà kan ṣoṣo ni ó ní kí a kọ. Mo gbàgbé àmì kékeré tó yẹ kí ó kẹ́yìn rẹ̀, kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó sọ fún mi pé ìlà kìíní ni àṣìṣe wà. Kò pariwo mọ́ mi, kò sì wò mí pẹ̀lú ojú àánú. Mo fi àmì náà sí i, ó ṣe é. Inú mi dùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni nílé lọ.

Ohun tó ta kókó fún kíláàsì wa ni pé láti orí òdo ni kọ̀ǹpútà ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan. Bí a bá to nǹkan mẹ́fà síwájú rẹ̀, òdo ni yóò pe èkíní, àrún ni yóò pe ẹ̀kẹfà. Àwọn kan kùn. Èmi kò kùn, nítorí pé téépù tí a fi ń wọn aṣọ ti kọ́ mi pé kò sí nọ́ḿbà kankan ní ẹnu téépù, ibẹ̀ náà la sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé mo ti mọ ọ̀rọ̀ òdo náà tán. Ó kù díẹ̀ kí n rí i pé n kò mọ̀ ọ́n tán.

Ní Sátidé tí mo ń nu púlọ́ọ̀gì yìí, olùkọ́ wa fún wa ní iṣẹ́ ìkẹyìn, èyí tí a ó fi gba ìwé ẹ̀rí.

“Ẹ wá ẹnìkan nínú ìlú tí nǹkan ń dà láàmú,” ó ní. “Ẹ kọ ètò tó máa bá a yanjú rẹ̀. Kí ẹni náà lò ó. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ ní. Ẹni tí kò bá mú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti fọwọ́ sí wá, ọdún kejì ló máa tún ṣe látìbẹ̀rẹ̀.”

Ẹnìkan béèrè láti ẹ̀yìn pé, “Mà, tí ẹni náà bá kàn ní ó dáa láìlò ó ńkọ́?”

“Èmi fúnra mi máa lọ bi í,” ni olùkọ́ dáhùn.

Sátidé ni ọjọ́ tí àwọn oníbàárà ń wá gba aṣọ lọ́wọ́ aránṣọ. Ọdún méjì ni mo ti fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá ní Ẹtì tàbí Mọ́ńdè, mo sì ti ṣèlérí fún wọn pé kò ní ju ọdún méjì náà lọ. N kò lè padà lọ bẹ̀ wọ́n fún ọdún kẹta. Fọ́ọ̀mù yẹn gbọ́dọ̀ ní ìbuwọ́lù lórí.

N kò wá ẹni tí nǹkan ń dà láàmú jìnnà. Onímọ́tò ìjàpá mẹ́fà ni wá ní Ẹdẹ tí à ń pàdé ní iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mẹ́káníìkì ní ìsán-ìsán, ìyẹn ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ìdí tó fi jẹ́ ìsán ni pé ọjà oko kan wà tí wọ́n ń ná ní ọrọọrún. Ní ọjọ́ ọjà, gbogbo ọkọ̀ akẹ́rù tí Bàbá ń tún ṣe ti lọ sí ọjà, ọwọ́ wọn á sì dilẹ̀. Bí ọjà kan bá fo wá, èyí tó tẹ̀lé e ni tiwa. Wọn á yẹ mọ́tò kọ̀ọ̀kan wò, wọn á wọ inú mọ́tò tó bá kàn láti ṣíwájú, àwa yòókù á sì tò tẹ̀lé e lọ sí ìlú Ara tàbí Awo, kí àwọn mọ́tò náà lè na ẹsẹ̀. Bàbá kò ní ìjàpá tiwọn. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń wò lójú ọ̀nà, wọ́n á yí ọrùn sẹ́yìn láti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a bá sì dúró, wọ́n á sọ ẹni tí epo rẹ̀ pọ̀ jù àti ẹni tí bẹ́líìtì tó ń yí fáànù ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti dẹ̀. Àwọn tó wà lóko á dúró wò wá. Ní ọ̀nà Ara, níbi tí igi ti bo ojú títì, ìró mọ́tò mẹ́fà náà á dàpọ̀ di ọ̀kan, n kò sì mọ ohun tí mo tún fẹ́ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ni ó ti mọ́ àwa yòókù lára. Kò sí ẹni tó ń ka ọjọ́ ọjà mọ́ àfi Bàbá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìsán, àwọn ni wọ́n máa ń fi fóònù pè wá lẹ́nìkọ̀ọ̀kan.

“Ẹnu mi ti gbó,” ni wọ́n wí nígbà tí mo lọ bá wọn. “Tí kọ̀ǹpútà yín bá lè mú wọn wá láìjẹ́ pé mo pe ẹnikẹ́ni, màá fọwọ́ sí ohunkóhun tẹ́ ẹ bá gbé wá.”

Mo kọ ètò náà ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta. Bí a bá fún un ní ọjọ́ ìpàdé kan, yóò ka ìyókù fún odidi ọdún kan, yóò sì sọ mọ́tò ẹni tó kàn láti ṣíwájú. Mo fi han olùkọ́ mi. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, “Ó mọ́ gan-an, mà.” Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé méje. Ọjọ́rú kan ni ìpàdé wa bọ́ sí, mo pín ìwé náà fún gbogbo wọn. Bàbá ká tiwọn, wọ́n tì í bọ àpò láìkà á, nítorí pé àwọn kò nílò ìwé láti mọ ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì ni ìwé náà pè ní ìsán tó kàn.

Ní ọjọ́ Ẹtì náà, mo dé iwájú ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́jọ. Gbogbo mọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Ọ̀kan nínú wa, ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí à ń pè ní Tíṣà, gbé ìwé tirẹ̀ sókè.

“Ẹ wò ó,” ó ní, “kọ̀ǹpútà Ìyá Aránṣọ ti jí gbogbo wa, ó wá gbàgbé láti jí Bàbá.”

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo pe Bàbá lórí fóònù.

“Níbo lẹ wà?” ni wọ́n bi mí.

“Iwájú ṣọ́ọ̀bù yín, Bàbá. Gbogbo wa ti pé.”

“Kí lẹ wá ṣe níbẹ̀ lónìí?”

Ilé wọn kò jìnnà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá. Wọn kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n dúró ní iwájú wa, wọ́n sì gbé ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀yìn.

“Àná ni ìsán,” ni wọ́n wí. “Àná ni mo gbá ibí yìí. Ìyàwó mi se ẹ̀wà, ó ra búrẹ́dì. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì yìí láti aago méje títí oòrùn fi dé àárín orí. Mi ò pe ẹnikẹ́ni, torí ẹ ní kí n má pè. Mo ní bóyá ẹ ti rí mẹ́káníìkì míì ni.”

“Bàbá, ìsán náà ni mo kà,” ni mo sọ. “Mẹ́sàn-án ni mo kọ síbẹ̀.”

“Ẹ wo ojú ọ̀nà, Ìyá Aránṣọ. Ṣé ẹ rí ọkọ̀ kan tó ń kó iṣu lọ sọ́jà?”

Mo wo ọ̀nà. Kò sí. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta dúró sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti ná ọjà dé, pàǹtí ewé iṣu ṣì wà nínú wọn. N kò rí wọn tẹ́lẹ̀, nítorí pé ìwé ọwọ́ mi ni mo ń wò.

“Kọ̀ǹpútà ti sọ ìsán di ẹ̀wá,” ni Tíṣà wí. “Ó fi ọ̀kan ṣe ènì fún wa.”

Mo bẹ Bàbá. Wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn bínú sí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo na fọ́ọ̀mù sí wọn, wọn kò gbà á.

“Ọjọ́ tí mo bá rí mọ́tò mẹ́fà níbí ní ọjọ́ tó yẹ, láìpe ẹnikẹ́ni, ni màá fọwọ́ sí i. Mi ò lè fọwọ́ sí irọ́.”

Sátidé tó tẹ̀lé ìsán tó ń bọ̀ ni olùkọ́ máa gba fọ́ọ̀mù. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún mi.

Mo wa mọ́tò mi padà sílé, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ètò náà láti ìlà kìíní bí ẹni tó ń tẹ̀lé wáyà. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ohun tí mo ní kí ó ṣe ló ṣe: ó mú ọjọ́ ìpàdé, ó fi mẹ́sàn-án kún un. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tó yá mo tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí pé mo ní ẹ̀wù gígùn obìnrin kan tí mo gbọ́dọ̀ parí, èyí tí bọ́tìnnì mẹ́sàn-án máa wà níwájú rẹ̀. Mo ta téépù láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Mo fi ẹfun sàmì sí ibi tí bọ́tìnnì àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn máa wà, mo sì pín gígùn tó wà láàrin wọn sí mẹ́jọ.

Ẹfun náà ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo dúró.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti fi ń ran aṣọ, n kò sì pín bọ́tìnnì mẹ́sàn-án sí ọ̀nà mẹ́sàn-án rí. Àlàfo mẹ́jọ ló wà láàrin bọ́tìnnì mẹ́sàn-án. Ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ ni àwọn àgbà ń pè ní ení nígbà tí wọ́n bá ń ka ìsán. Èmi fúnra mi, bí ẹnìkan bá bi mí lójú pópó, bẹ́ẹ̀ ni màá ṣe kà á lórí ìka mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, nọ́ḿbà tí mo gbọ́ nínú ìsán ni mo kọ, kọ̀ǹpútà sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Òní jẹ́ òdo lójú rẹ̀. Lójú Bàbá, òní jẹ́ ọjọ́ kìíní.

Ìbá rọrùn kí n pa mẹ́sàn-án rẹ́ kí n kọ mẹ́jọ. N kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá ka ètò náà lẹ́yìn mi yóò rò pé mo ṣe àṣìṣe, yóò sì dá a padà. Mo fi mẹ́sàn-án sílẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń pè é, mo ní kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ yọ ọ̀kan kúrò kí ó tó kà, mo sì kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà ní èdè Yorùbá: Ọjọ́ òní wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ìsán bọ́ sí báyìí. Mo tún un kà lórí ìka mi. Ẹtì ni.

Lọ́jọ́ kejì mo fi han olùkọ́ mi.

“Èmi gan-an tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò rí i, mà,” ó ní. “Ìyá ìyá mi ń ná ọjà ọrọọrún nígbà ayé wọn. Mi ò jókòó kà á rí.”

Mo bi í bóyá ó lè gba fọ́ọ̀mù náà láìsí ìbuwọ́lù, nígbà tí ìdí àṣìṣe ti hàn. Ó tún ka ìlà tí mo kọ ní Yorùbá náà.

“Mo fẹ́ràn rẹ̀, mà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi lẹ kọ ọ́ fún.”

Òtítọ́ ló sọ, n kò sì bá a jiyàn. Mo tẹ ìwé méje mìíràn, mo sì fi mọ́tò mi pín wọn káàkiri ilé. N kò lè pe ẹnikẹ́ni ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, nítorí pé Bàbá ti ní kí ìwé nìkan mú wọn wá. Tíṣà ni mo ṣe kẹ́yìn. Ó wà lórí àga ní iwájú ilé rẹ̀, ó gba ìwé náà, ó sì gbé awò sójú. Mo sọ fún un pé mẹ́jọ ni kọ̀ǹpútà ń fi kún ọjọ́ ìpàdé báyìí, nítorí pé ọjọ́ ìpàdé fúnra rẹ̀ wà nínú mẹ́sàn-án.

“Èyí ńkọ́?” ó ní. “Ṣé ó ti rántí lónìí pé lónìí ni?”

“Ó ti rántí, sà.”

“Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìṣirò, Ìyá Aránṣọ. Mẹ́sàn-án kì í ṣe mẹ́jọ.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ka bọ́tìnnì ẹ̀wù tó wà lọ́rùn yín.”

Ó wò mí, ó wo àyà rẹ̀, ó kà á. “Mẹ́fà.”

“Àlàfo tó wà láàrin wọn ńkọ́, sà?”

Ó fi ìka tọ̀ wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó dé èyí tó kẹ́yìn, ó tún padà sókè, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó ká ìwé náà sí méjì, ó tì í bọ àpò. “Ẹ kí ará ilé,” ó ní.

Ní ọjọ́ Ẹtì náà, aago méje àbọ̀ ni mo ti dé ọ̀nà Sẹ́kọ́nà. Ọkọ̀ iṣu ń kọjá lọ sọ́jà ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́. Bàbá ti gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀wà wà nínú kúlà, ṣùgbọ́n wọn kò ṣí i. Wọ́n wọ agbádá funfun, torí pé a gbọ́dọ̀ tètè dé kí wọ́n lè lọ kírun jímọ́ọ̀. Mọ́tò kejì dé, ẹ̀kẹta dé, ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún tẹ̀lé ara wọn wọlé. Ó di aago mẹ́sàn-án, a kò rí Tíṣà. Bàbá ka mọ́tò, wọ́n bá márùn-ún. N kò lè pe Tíṣà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo gbé fọ́ọ̀mù mi lé itan, mo ń wo ọ̀nà.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú ogún, òun fúnra rẹ̀ pè mí.

“Láti aago méje ni mo ti ń bá mọ́tò yìí jà,” ó ní. “Ó kọ̀, kò jí. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá rò pé mo gbàgbé o.”

Mo sọ fún Bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ní, “Mọ́tò mẹ́fà ni mo wí. Tíṣà kì í ṣe mọ́tò.” Wọ́n wọ ìjókòó iwájú mọ́tò mi, a sì lọ sí ilé Tíṣà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ibẹ̀.

Nígbà tí a dé, Bàbá kò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n tẹ́ agbádá wọn lórí ẹsẹ̀ dáadáa.

“Aṣọ jímọ́ọ̀ ni mo wọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí, ẹ lọ wò ó.”

Mo bọ́ aago ọwọ́ mi. Mo ṣí ẹ̀yìn mọ́tò náà, mo yọ púlọ́ọ̀gì kan, mo gbé e lé ara irin, mo ní kí Tíṣà yí kọ́kọ́rọ́. Kò sí iná lẹ́nu rẹ̀. Epo ń wá, bátìrì lágbára, nítorí náà ibi tí iná ti ń pín ló kù. Mo yọ ọmọrí rẹ̀, mo sì rí irin kékeré méjì tí à ń pè ní kóńtáàtì, èyí tó ń fẹnu ko ara wọn tí wọ́n sì ń yà kí iná lè dé púlọ́ọ̀gì. Wọ́n ti dúdú bí èédú.

“Ṣé ó ti kú ni?” ni Tíṣà bi mí láti òkè orí mi.

“Ó dọ̀tí ni, sà.”

“Ẹ̀yin lẹ ran aṣọ fún ìyàwó mi lọ́dún tó kọjá. Ta ló kọ́ yín ní eléyìí?”

Mo ń fi pépà tí wọ́n fi ń ha irin ha kóńtáàtì náà títí ojú rẹ̀ fi tàn. Mo fi irin pẹlẹbẹ tí à ń fi wọn nǹkan wo àlàfo tó wà láàrin méjèèjì, ó fẹ̀ jù díẹ̀, mo tún un ṣe. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Tíṣà yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Nínú mọ́tò mi, Bàbá yí ọrùn sẹ́yìn, wọ́n dẹ etí, wọ́n sì mi orí.

Aago mẹ́wàá kọjá nígbà tí a padà dé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn mẹ́rin tó kù ti ṣí ẹ̀wà, wọ́n ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka mọ́tò, wọ́n ń fi ọwọ́ lu òrùlé ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń kọjá. Wọ́n ka mẹ́fà.

“Ẹnìkan pè yín?” ni wọ́n bi àwọn tó wà nídìí ẹ̀wà.

“Ìwé la wò, Bàbá.”

“Ìwọ ńkọ́, Tíṣà?”

“Bọ́tìnnì ló mú mi wá,” ni Tíṣà dáhùn, ó sì bu búrẹ́dì.

Mo na fọ́ọ̀mù àti bírò sí Bàbá. Wọ́n gbé e lé òrùlé mọ́tò mi, wọ́n ní kí n ka ohun tó wà níbẹ̀ sí àwọn létí. Mo kà á: pé wọ́n ti lo ètò náà, pé ó ṣe ohun tí wọ́n fẹ́. Wọ́n bi mí bóyá ó wà níbẹ̀ pé ó kọ́kọ́ ṣì wọ́n lọ́nà. Mo ní kò sí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí i. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀, ìlà kan, mo sì kọ pé a ti tún un ṣe. Nígbà náà ni wọ́n tẹ̀ bá a, tí wọ́n sì fi lẹ́tà kéú kọ orúkọ wọn láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì, díẹ̀díẹ̀, láìgbé ọwọ́ kúrò.

Mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kí ó lè gbẹ. Mo fẹ́ dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń wo oòrùn.

“Mo ti fọwọ́ sí i,” ni wọ́n wí. “Ẹ wá gbé mọ́tò yín kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi, Ìyá Aránṣọ, kí n ráyè lọ kí jímọ́ọ̀.”